Ohùn Orúkọ Kan Nínú Igbó Onigba

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn, mo gbọ́ yín o. Nígbà tí mo ń wọlé, tí mo ń gbọn eruku ẹsẹ̀ mi lẹ́nu ọ̀nà, mo gbọ́ tí ọ̀kan nínú yín ní, "Ẹ dìde fún Bàbá Ọ̀dẹ̀," tí ẹ sì ń bo ẹnu, tí ẹ ń fi ìgbọ̀nwọ́ gún ara yín. Ṣé etí tó ń gbọ́ ìrìn ìgbín lórí ewé gbígbẹ ni kò ní gbọ́ ẹ̀rín yín? Ẹ fọkàn balẹ̀, inú kò bí mi. Èmi Ọdẹ́ṣínà, ọmọ Onígbá ní Ìdí-Àfọ̀n, mo ti ṣọdẹ fún ọdún mẹ́tàlélógójì. Mo ti dúró de ẹfọ̀n lójú ọ̀nà tóóró, ẹfọ̀n náà ló yà fún mi. Mo ti bá ẹkùn pín ihò àpáta kan sùn lọ́jọ́ òjò, nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òun ló kọ́kọ́ jáde. Kí ọ̀rọ̀ yìí tó ṣẹlẹ̀, Bàbá Ọdẹ ni gbogbo ìlú ń pè mí, ọdẹ gidi, tí ohùn rẹ̀ tẹ́jú bí ilẹ̀ pápá. Bí ó ṣe wá di ọ̀dẹ̀ tí a ń pè wálẹ̀ wálẹ̀ yìí, èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi pààrọ̀ rẹ̀, mo sì mọ ohun tí mo gbà. Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ọ̀la la fẹ́ sọ ọmọ ilé yìí lórúkọ, ó yẹ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Ẹni tó bá ń jẹ ẹ̀pà, kó máa ha á sẹ́nu jẹ́jẹ́.

Ẹ mọ Àríyìkẹ́, àbíkẹ́yìn mi, ìyá ìkókó tó wà nínú yàrá yẹn. Ẹ mọ Múyìíwá ọkọ rẹ̀, tó ń gbé nínú ilé tí a jókòó sí yìí. Ohun tí ẹ kò mọ̀ ni pé díẹ̀ ló kù kí àwọn méjèèjì má fẹ́ra. Lọ́jọ́ tí Múyìíwá wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ nílé wa, àgbà méjì péré ló bá a wá: ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ àti baba onílé rẹ̀. Kò ní ẹbí kankan tó mọ̀. Jọ́ọ̀sì ni wọ́n ti bí i, ìyá rẹ̀ kì í ṣe Yorùbá, bàbá rẹ̀ tó jẹ́ Yorùbá sì kú nígbà tí ọmọ náà ṣì ń rákò. Àwọn ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ń gbá bọ́ọ̀lù ló kọ́ ọ ní èdè wa. Ọ̀rọ̀ tó kọ́ pé pérépéré, ṣùgbọ́n ohùn wọn ti pò mọ́ra bí ẹ̀wà àti àgbàdo. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú mi, aṣọ funfun rẹ̀ gbá ilẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ilé, bàbá ọ̀dẹ̀." Àwọn ìyàwó ilé kan ti sá gba ẹ̀yìnkùlé lọ láti lọ rẹ́rìn-ín. Ní tèmi, inú bí mi gan-an, nítorí mo ti rò ó láti àárọ̀ bí ọmọ náà yóò ṣe bu ọlá fún mi lójú àwọn èèyàn. Àríyìkẹ́ ló sáré kúnlẹ̀. Ó ní, "Bàbá mi, ẹ má bínú. Ọdẹ ló fẹ́ pè yín. Ahọ́n rẹ̀ ni kò tíì mọ òkè yàtọ̀ sí ìsàlẹ̀." Mo ní kó dìde. Ṣùgbọ́n mo fi sínú.

Ìyẹn kọ́ ni wàhálà. Wàhálà dé nígbà tí wọ́n ka ìwé ìtọrọ. Ìyàwó àbúrò mi ló ń kà á, tó ń fọ́nnu, tó ń mọ̀ọ́mọ̀ wúkọ́ kí wọ́n lè fún un lówó: "Àwa ẹbí Onigba ń tọrọ òdòdó pupa kan nínú ọgbà ẹbí Onigba." Ó dúró. Ó tún un kà. Ìyá Arúgbó, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tó jẹ́ olórí ẹbí wa, tó sì jẹ́ pé ohun tó bá wù ú nìkan ló máa ń gbọ́, gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè. Ó ní, "Ẹni tó ń tọrọ ń jẹ́ Onígbá, ẹni tí wọ́n ń tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀ ń jẹ́ Onígbá. Ṣé ọwọ́ ọ̀tún ló fẹ́ fi ọwọ́ òsì ṣaya ni?" Múyìíwá ní òun náà ti ṣàkíyèsí pé orúkọ ìdílé àwọn bára mu, pé òun rò pé oríire ni.

"Kí ni oríkì ilé yín?" Ìyá Arúgbó bi í.

"Mi ò mọ̀ ọ́n, mà."

"Kí ni èèwọ̀ yín?"

Ọmọ náà ronú títí. Ó ní, "Dókítà ní kí n má jẹ ẹ̀pà."

"Báwo ni bàbá rẹ ṣe ń pe orúkọ náà?"

"Mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí, mà. Tíṣà ló kọ́ mi ní pípè rẹ̀." Ó wá pè é bí tíṣà rẹ̀ ṣe máa ń pè é látinú ìwé orúkọ, Onigba, pẹrẹsẹ, kò lọ sókè, kò bọ̀ sílẹ̀. Ó yọ bébà kan jáde nínú àpò, bébà tó ti gbó lójú ìṣẹ́po. Bàbá rẹ̀ ló kọ ọ́ kó tó kú: orúkọ rẹ̀, àti ibi tó ti wá. Onigba, láti Abà Onigba. Bẹ́ẹ̀ Abà Onigba ni baba ńlá tiwa náà ti ṣí wá, nínú igbó tó wà lẹ́yìn Ìdí-Àfọ̀n, tí ẹnikẹ́ni kò gbé mọ́. Ọ̀rọ̀ parí. Ìyá Arúgbó ní ọmọ baba kan kì í fẹ́ra wọn, pé kí wọ́n di ẹrù èso wọn padà. Àfi bí ẹnìkan bá lọ sí Abà Onigba, tó sì mú ẹ̀rí bọ̀ pé ẹbí méjì ni. Ó fún wa ní ọjọ́ mẹ́sàn-án. Bí ọjọ́ mẹ́sàn-án bá kọjá, kí ọmọkùnrin náà má tẹ ẹnu ọ̀nà wa mọ́.

Mo bá Àríyìkẹ́ lẹ́yìnkùlé, ó ń fi etí aṣọ nu ojú. Kò pariwo, kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn ní, "Bàbá mi, ṣebí ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé kò sí ohun tó wọ igbó tí ẹ kò lè wá rí. Ẹ bá mi wá èyí." Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹnu mi ló kó bá mi. Bí mo bá ní n kò lọ, gbogbo ìtàn tí mo ti sọ fún un láti kékeré yóò di irọ́. Mo tún fẹ́ràn ọmọ yẹn ju ojú mi lọ, kí n má purọ́. Mo gbé ṣakabùlà mi tí mò ń pè ní Má-fọ̀rọ̀-falẹ̀, mo di gààrí àti ẹran gbígbẹ sínú àpò, mo gba bébà náà lọ́wọ́ Múyìíwá, mo gba inú igbó lọ.

N kò ní fi ìrìn ọjọ́ mẹ́ta dà yín láàmú. Ẹ̀gún ni ẹ̀gún, yànmùyánmú ni yànmùyánmú. Ní ìyàlẹ̀ta ọjọ́ kẹta, mo dé ibi pátákó irin kan tó ti dípẹtà, tí wọ́n fi ọ̀dà kọ ABA ONIGBA sí. Mo kà á. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, mo mọ̀wé. Mo lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àgbà fún ọdún kan gbáko, tíṣà wa sì fi dò-re-mí kọ́ wa ní ohùn Yorùbá. Mo dúró nídìí pátákó náà, mo ronú pé ọ̀nà tó yá jù ni kí n pe onílé. Mo kẹ́nu bọ̀ ọ́, mo pè é bó ṣe wà lára irin yẹn gan-an, pẹrẹsẹ: "Onigba o." Àṣìṣe ńlá. Ẹ má ṣe pe orúkọ tí ẹ kò mọ ohùn rẹ̀ nínú igbó. Odò kan tó ń ṣàn lápá ọ̀tún dáhùn pé, "Èmi rèé." Òkìtì kan ní, "Ta ló ń pè mí?" Ọ̀pẹ kan mi orí, ó ní òun ń bọ̀. Gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ ló ń jẹ́ orúkọ kan náà, tí gbogbo wọn sì rò pé àwọn ni mò ń bá wí. Ìgbà tí mo ṣì ń wá èyí tí n ó dá lóhùn ni àwọn kan tú jáde láti abẹ́ ewéko.

Wọn kò ga ju orúnkún mi lọ. Orí wọn pá, ikùn wọn yọ, okùn kan ṣoṣo ni wọ́n fi so gbogbo ara wọn mọ́ ìdí, tí ó fi jẹ́ pé bí ẹni iwájú bá kọsẹ̀, ẹni ẹ̀yìn ló ń ṣubú. Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀, ẹnìkan á sọ ọ̀rọ̀ kan, ẹni tó tẹ̀ lé e á sọ èkejì.

"Kí," ni ti àkọ́kọ́. "Ni," ni ti ìkejì. "Orúkọ," ni ti ìkẹta. "Ìdílé," ni ti ìkẹrin. "Rẹ?" ni ìkarùn-ún fi parí rẹ̀.

Mo ní, "Èyí tó wà lórí pátákó yẹn náà ni."

Wọ́n fò sókè. Wọ́n ní igba ti pé, ọmọ ìyá àwọn ti dé. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ni Onígba, nítorí pé igba ni wọ́n nígbà ìwáṣẹ̀. Ẹnìkan nínú wọn já okùn, ó ṣègbé sínú igbó. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti di igba ó dín kan, tí wọ́n ń jẹ́ orúkọ tí kì í ṣe òtítọ́ mọ́, tí ìtìjú kò sì jẹ́ kí wọ́n kí ará àdúgbò. Kí n tó mọ ohun tí mo lè sọ, wọ́n ti yí okùn mọ́ mi ní ìdí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n ti ta kókó rẹ̀, wọ́n ti fi mí sí ìparí ìlà. Ẹ̀rù bà mí. Mo ronú bí n ó ṣe máa tẹ̀ lé orí pípá mọ́kàndínnígba káàkiri igbó títí ayé, tí n ó máa sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mọ́kàndínnígba, èmi tí ẹ mọ̀ bí ọ̀rọ̀ ṣe dùn mọ́ mi lẹ́nu tó. Bí wọ́n bá pa mí, ó tún sàn.

Ṣùgbọ́n ọgbọ́n kì í tán nílé àgbà. Mo ní, "Ẹ ṣeun tí ẹ gbà mí, ẹ̀yin ọmọ ìyá mi. Ẹ wá so àbúrò mi náà mọ́ ọn."

"Àbúrò wo?" Ọ̀rọ̀ yẹn ká gbogbo wọn lára débi pé wọ́n gbàgbé láti pín in.

Mo gbé Má-fọ̀rọ̀-falẹ̀ sókè. Mo ní, "Èyí ni. Ọdún mẹ́tàlélógójì la ti jọ ń jẹ, tí a jọ ń sùn. Orúkọ ìdílé kan náà la ń jẹ́. Ẹ wò ó nídìí rẹ̀." Òótọ́ ni, èmi fúnra mi ni mo fi irin gbígbóná kọ ONIGBA sí ìdí ìbọn náà, kí olè má baà jí i. Wọ́n kó orí jọ, wọ́n kà á. Wọ́n ka ara wọn, wọ́n ka èmi, wọ́n ka ìbọn. Igba ó lé kan. Wọ́n tún un kà láti ẹ̀yìn wá síwájú, igba ó lé kan náà ni.

Ẹni iwájú ní, "Ṣé a ó wá máa jẹ́ Onímọ́kànlénígba ni?"

Ẹni tó tẹ̀ lé e ní, "Orúkọ gígùn bẹ́ẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ pè wá jẹun tó pè é tán, ọbẹ̀ á ti di."

Ẹlòmíràn ní kí wọ́n fi ìbọn sílẹ̀ kí wọ́n mú èmi nìkan. Mo ní ibi tí mo bá wà ni àbúrò mi ń wà, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fẹ́, kí wọ́n bi òun náà léèrè bóyá ó gbà. Mo fa irin ìyìnbọn rẹ̀, Má-fọ̀rọ̀-falẹ̀ sì dáhùn sójú ọ̀run ní ohùn tí kò ṣeé ṣì gbọ́. Nígbà tí èéfín túká, wọ́n ti tú okùn lára mi, wọ́n sì ń tì mí lẹ́yìn. Wọ́n ní àwa méjì pọ̀ jù, a sì tún burú. Mo sáré sọ ohun tó gbé mi wá, wọ́n ní bó bá jẹ́ ohùn orúkọ ni mò ń wá, kí n lọ bá Akóhùnjọ láàárín odò, pé òun ló kó ohùn orúkọ gbogbo èèyàn tọ́jú. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sí odò náà kíákíá, kí wọ́n má baà rántí pé ìbọn kì í ṣe èèyàn.

Mo bá Akóhùnjọ lórí òkúta kan, ó ń fi atẹ ṣa nǹkan. Etí rẹ̀ fẹ̀ bí ewé kókò. Ẹnu mẹ́ta ló ní: ọ̀kan níwájú orí, ọ̀kan níbi tí tèmi tiyín wà, ọ̀kan lábẹ́ àgbọ̀n. Bó bá fẹ́ pe ohùn òkè, ẹnu iwájú orí ló ń lò. Bó bá fẹ́ pe ti ìsàlẹ̀, ẹnu abẹ́ àgbọ̀n. Nígbà tó ní kí n wá jókòó, ẹnu òkè ní "wá jó," ẹnu ìsàlẹ̀ ní "kò," ẹnu òkè tún sáré sọ "ó." Ọ̀rùn mi fẹ́rẹ̀ẹ́ rọ́ níbi tí mo ti ń wo ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń jáde. Ohun tó ń ṣà lórí atẹ náà kéré bí ègé koríko, òmíràn fì sí ọ̀tún, òmíràn fì sí òsì.

"Kí lẹ̀ ń ṣà, bàbá?"

"Àmì ni," ó dáhùn. "Gbogbo àmì ohùn tí àwọn akọ̀wé ń gbàgbé nígbà tí wọ́n bá ń kánjú, ọ̀dọ̀ mi ni afẹ́fẹ́ ń kó wọn wá. Láti ìgbà tí ẹ̀yin ará ilé ti ń fi fóònù kọ̀wé síra yín, n kò rójú jẹun mọ́."

Mo sọ ẹjọ́ mi fún un, láti orí ìwé ìtọrọ dé orí omijé Àríyìkẹ́. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní òun kì í bá ẹni tí kò lè já àlọ́ ṣòwò. Ó ní, "Orúkọ kan rèé tí wọ́n kọ sórí irin. Gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè, obìnrin fi bu omi. Gbé e sílẹ̀, ọkùnrin fi gun òkè. Fi í sí àárín, ọmọdé kà á títí ó rẹ̀ ẹ́. Kí ni?" Mo jókòó, mo họ orí. Mo rò ó dé ibi tí ìrònú mọ. Nígbà tí mo gbójú sókè ni mo rí bèbè odò méjèèjì. Ní apá òsì, ìtàkùn igbá ti di igbó, igbá tútù sì wà nílẹ̀ lọ rẹpẹtẹ. Ní apá ọ̀tún, ọ̀pẹ ni, ọ̀pẹ arúgbó, gbogbo wọn ló ní ojú ibi tí igbà ti fá wọn lára, ìyẹn okùn tí àwọn adẹ́mu fi ń gun òkè ọ̀pẹ. Igbá, igbà, igba. Àwọn ará apá òsì, Onígbá. Àwọn ará apá ọ̀tún, Onígbà. Àwọn pípá tó fẹ́ sọ mí di ìparí ìlà, Onígba. Abà mẹ́ta ni, wọn kò fi ibì kankan tan mọ́ra. Mo bi í pé ta ló wá fi pátákó kan ṣoṣo kó gbogbo wọn pọ̀.

"Akọ̀wé kan tí ọ̀dà rẹ̀ ń tán lọ," ni Akóhùnjọ wí.

Ó gba bébà Múyìíwá, ó fi sí etí, ó tẹ́tí bí ẹni ń gbọ́ rédíò. Ó ní àmì tó bọ́ lórí orúkọ yẹn ń bẹ lọ́dọ̀ òun, òun sì mọ ọjọ́ tó bọ́. Òun yóò fún mi, bí mo bá lè gbà kí òun náà fi ọwọ́ kan àmì orúkọ kan lára mi, orúkọ tí àwọn èèyàn ń pè mí lójoojúmọ́. Mo fi orúkọ ajá mi lọ̀ ọ́, ó kọ̀. Mo fi ti Má-fọ̀rọ̀-falẹ̀ lọ̀ ọ́, ó ní ìbọn kì í dáhùn bí wọ́n bá kí i. Ibẹ̀ ni mo ti rò pé mo gbọ́n jù ú lọ. Mo rántí dò-re-mí tíṣà wa. Ọdẹ: re, re. Kò sí àmì kankan lórí rẹ̀, kò ní nǹkan tí wọ́n lè yọ. Inú mi dùn, mo fi ọwọ́ bo ẹnu kó má baà rí ẹ̀rín mi. Mo ní, "Ó dáa, bàbá. Ọdẹ ni wọ́n ń pè mí. Mo fi lé yín lọ́wọ́. Ẹni tí kò wọ ẹ̀wù, kí ni wọn ó bọ́ lára rẹ̀?"

Akóhùnjọ fi ẹnu mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́rìn-ín pa pọ̀. Ó ní, "Ẹni tó wà níhòòhò là ń daṣọ bò." Ó mú àmì méjì lórí atẹ, méjèèjì ń wo ìsàlẹ̀, ó tọ́ wọn sẹ́nu, ó lẹ̀ wọ́n mọ́ mi níwájú orí, wọ́n tutù bí omi àmù. Lẹ́yìn náà ló wá mú àmì Múyìíwá, ó fi í sínú agolo aáṣáà mi, ó pa á dé. Ó ní, "Ọjọ́ tí ẹ̀wù yìí bá sú ọ, gbé àmì ọmọ náà padà wá. N ó bọ́ tìrẹ, n ó sì gba tirẹ̀." Mo dúpẹ́, mo gba ọ̀nà ilé. Mo ń rẹ́rìn-ín títí mo fi dé ìdí pátákó, mo ní mo rẹ́ iwin jẹ.

Ọjọ́ kẹjọ ni mo wọlé. Wọ́n ránṣẹ́ sí Múyìíwá, gbogbo ẹbí pé. Mo tẹ́ bébà náà sórí àga níwájú Ìyá Arúgbó, mo ṣí agolo. Àmì náà rìn jáde bí èèrà, ó gun bébà, ó rìn dé ìparí orúkọ, ó fi orí wálẹ̀, ó dúró. Múyìíwá tẹ̀ síwájú, ó la ẹnu, ó kà á: "Onígbà." Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló kà á, ojú rẹ̀ yí padà. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ó ní, "Ìyá mi máa ń pè é báyẹn. Mo máa ń tún un ṣe fún un. Mo rò pé nítorí pé kò gbọ́ Yorùbá ni." Àánú ọmọ náà ṣe mí, gbogbo ohun tí mo ti fi sínú láti ọjọ́ ìdọ̀bálẹ̀ yẹn sì kúrò ńbẹ̀. Ìyàwó àjèjì kan ló tọ́jú ohùn orúkọ ọkọ rẹ̀ láìmọ̀, tí tíṣà àti ìwé ń bá a du ú.

Ìyá Arúgbó ní, "Àwọn Onígbà. Àwọn adẹ́mu òdìkejì odò. Bàbá mi máa ń sọ̀rọ̀ wọn. Àwa la máa ń gbé igbá fún wọn, wọ́n á sì bu ẹmu fún wa." Ó wo Àríyìkẹ́, ó wo Múyìíwá. "Igbà ló ń mú ẹmu sọ̀ kalẹ̀, igbá ló ń gbà á. Wọn kì í ṣe ọmọ ìyá, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń wá ara wọn tipẹ́. Ẹ gbé ẹrù èso yẹn padà wá." Ilé gba ariwo. Àríyìkẹ́ dì mọ́ mi lọ́rùn. Ìyá Arúgbó fi ọ̀pá tọ́ka sí mi, ojú rẹ̀ kún fún ìyìn, ó ní, "O ṣeun, ọ̀dẹ̀."

Mo dúró de ẹ̀rín. Kò sẹ́ni tó rín. Àbúrò mi bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní, "Ọ̀dẹ̀ bí ẹ̀yin kò sí mọ́ nílẹ̀ yìí." Ìyàwó mi ní, "Bàbá Ọ̀dẹ̀, omi ìwẹ̀ yín ti gbóná." Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ọdẹ wá láti ìlú mẹ́ta, wọ́n yin ìbọn fún mi, wọ́n ń kọrin ọ̀dẹ̀, ọ̀dẹ̀, ọ̀dẹ̀. Ahọ́n wọn ni kò gbà fún wọn mọ́. Mo wọ yàrá, mo jókòó sórí àpótí, mo sunkún. N kò ní parọ́ fún yín, ó dùn mí wọ egungun. Ogójì ọdún àti mẹ́ta tí mo fi wá iyì nínú igbó, àmì méjì tí kò tó ègé koríko ti gbé e lọ. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé ìgbéyàwó wọn, mo gbé agolo mo jáde, mo ní n ó lọ tọrọ bébà náà lọ́wọ́ Múyìíwá, kí n gbé àmì padà. Mo dé ẹ̀yìn ilé yìí, mo gbọ́ tí Àríyìkẹ́ ń kọ́ ọkọ rẹ̀ ní oríkì àwọn Onígbà tí Ìyá Arúgbó rántí, tó ń ṣì í pè, tí wọ́n jọ ń rẹ́rìn-ín. Mo dúró síbẹ̀ títí wọ́n fi kà á parí. Mo padà sílé, mo rọ aáṣáà sínú agolo náà.

Nítorí náà, ẹ máa pè mí bẹ́ẹ̀. Kìkì pé lọ́la, nígbà tí akọ̀wé bá ń kọ orúkọ ọmọ yìí sínú ìwé, kí ọ̀kan nínú yín dúró tì í lọ́rùn, kó má ṣahun àmì. Ẹ tún jẹ́ kí n sọ àṣírí kan fún yín kí n tó dìde. Nínú gbogbo Ìdí-Àfọ̀n, ẹnu kan ṣoṣo ló kù tó ń pe orúkọ mi bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ẹ̀wù tí Akóhùnjọ wọ̀ mí ń mú ahọ́n ẹnikẹ́ni tó bá mọ ohùn pè, ṣùgbọ́n ahọ́n Múyìíwá kì í lọ síbi tí ó bá rán an. Bí gbogbo ayé ṣe ń bọ̀ sílẹ̀, tirẹ̀ á ṣìnà, á bọ́ sórí pẹrẹsẹ. Ẹ dákẹ́, òun ló ń bọ̀ yẹn.

"Ẹ wá jẹun o, Bàbá Ọdẹ. Iyán ti délẹ̀."

Ẹ gbọ́ Àríyìkẹ́ láti inú yàrá: "Múyìíwá, ẹ̀ẹ̀melòó ni mo fẹ́ sọ fún yín? Ọ̀dẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Ẹ bọ̀wọ̀ fún bàbá mi."

Fi í sílẹ̀, ọmọ mi. Jẹ́ kó máa ṣì í pè.